Ẹ̀yìn Ló Ń Dùn Mí, Kí Ló Kan Oorun?

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin Yorùbá kan tó ń gbé ní London, tó ń fi ìtọ́jú arúgbó ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ òru ló pọ̀ jù fún un. Yóò gbé ìyá àgbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò yí bàbá àgbà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò tẹ̀ ba láti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó fi róòbù pa á, ó lo oògùn ìrora. Ó rọ̀, ó tún padà. Aládùúgbò rẹ̀ wá ní kó lọ rí chiropractor, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ọwọ́ tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn àti oríkèé ara.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé wọn yóò ní kó dojú bolẹ̀, wọn yóò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò dún "kọ̀", ó parí. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí ìjókòó tó ń dáhùn ìbéèrè. Wákàtí mélòó lẹ fi ń sùn? Ta lẹ jọ ń gbé? Ṣé ẹ ti rù láìpẹ́ yìí? Ṣé ìtọ̀ yín ń jáde dáadáa? Kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ń ṣe ẹ̀yìn yín? Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ sú u. Ẹ̀yìn ló ń dun òun, kí ló kan oorun?

Ìbéèrè gidi ni obìnrin yìí béèrè. Láti dáhùn rẹ̀, a ní láti mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, ohun tí onítọ̀hún kọ́ níléèwé, bí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí ìrora ti ń wá gan-an.

Davenport, ìlú kan létí odò Mississippi ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1895. Daniel David Palmer, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Kánádà, ló ń ṣe ìwòsàn níbẹ̀. Kò lọ iléèwé ìṣègùn. Ó ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ òun tó ń lé àìsàn. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan, Harvey Lillard, ló ń tọ́jú ilé tí ọ́fíìsì Palmer wà. Ó ti tó ọdún 17 tí etí Lillard ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pátápátá, ó sì sọ fún Palmer pé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, òun tẹ̀ ba ni, nǹkan kan sì yẹ̀ lẹ́yìn òun. Palmer fọwọ́ wá ibẹ̀, ó kan eegun kan tó yọ gọ́ńgọ́, ó tì í. Bí Palmer fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, etí Lillard là. Láti ibẹ̀ ni Palmer ti ń kọ́ni pé nínú àìsàn 100, eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ ló ń fa 95. Lọ́dún 1897 ó dá iléèwé sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yẹn kò tọ̀nà. Iṣan tó ń gbé ìró láti inú etí lọ sí ọpọlọ, inú agbárí ló ti bẹ̀rẹ̀, inú agbárí náà ló parí sí. Kò gba ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá rárá. Bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ àti ikọ́ fée kò ti ara eegun ẹ̀yìn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ náà ń ṣìnà, ọwọ́ ń ṣe ohun kan. Àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn ń wá, ọ̀pọ̀ wọn sì ń lọ sílé pẹ̀lú ara tó fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà kò fi kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti Palmer mọ́lé lọ́dún 1906 nítorí pé ó ń ṣe ìṣègùn láìgba ìwé àṣẹ. Kansas ló kọ́kọ́ ṣe òfin tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, lọ́dún 1913. Louisiana ló kẹ́yìn nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 1974 nìyẹn.

Láàárín ìgbà náà, ogun le. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American Medical Association, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lọ́dún 1963 láti gbógun ti iṣẹ́ yìí, wọ́n sì kà á sí ìwà àbùkù kí dókítà bá chiropractor ṣe pọ̀. Chester Wilk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 1976. Lọ́dún 1987, Adájọ́ Susan Getzendanner dá Wilk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láre pé ẹgbẹ́ àwọn dókítà rú òfin nípa bí wọ́n ṣe pawọ́ pọ̀ láti dí ọ̀nà jíjẹ àwọn ẹlòmíì. Ìdájọ́ yẹn kò sọ ẹ̀kọ́ Palmer di òtítọ́, ó sì yẹ ká má gbàgbé bẹ́ẹ̀. Títí dòní, àwọn kan nínú àwọn chiropractor ṣì di ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà mú. Àwọn mìíràn ti jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá, wọ́n gbájú mọ́ ẹ̀yìn, ọrùn àti oríkèé. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ìṣe wọn kò sì jọra.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí obìnrin wa wà, òfin 1994 ló ń darí wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní chiropractor láìsí nínú ìwé orúkọ General Chiropractic Council ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà gbé ìlànà jáde lọ́dún 2005 pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́rin gbáko, ó kéré tán wákàtí 4,200 lẹ́nu ẹ̀kọ́, kí 1,000 nínú rẹ̀ jẹ́ títọ́jú aláìsàn gidi lábẹ́ ojú olùkọ́. Wọ́n ń kọ́ nípa eegun, ẹran ara, iṣan, àti bí a ṣe ń ka àwòrán X-ray. Wọn kì í kọ́ iṣẹ́ abẹ, oògùn kíkọ kì í sì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Lójú tèmi, ohun tó níye lórí jù lọ nínú ọdún mẹ́rin náà ni mímọ ẹni tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ tì. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ bí a ṣe ń mú kí ẹ̀yìn dún. Àwọn onígbàjámọ̀ kan ń yí ọrùn oníbàárà wọn fún ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá gẹ irun tán. Ohun tí onígbàjámọ̀ kò mọ̀ ni ohun tó wà lábẹ́ awọ ọrùn yẹn. Ìbéèrè nípa ìtọ̀ tí wọ́n bi obìnrin wa nídìí gan-an. Níparí okùn iṣan ńlá tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba àárín ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdì àwọn iṣan kan wà tó ń darí ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹsẹ̀. Bí ohun kan bá há ìdì yẹn mọ́, ìtọ̀ lè dí tàbí kó máa dà fúnra rẹ̀, abẹ́ àti ìdí níbi tí èèyàn fi ń jókòó yóò kú tipiri, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò di aláìlágbára. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá ló ń lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí bí iṣẹ́ abẹ bá pẹ́, ìtọ̀ náà lè má padà bọ̀ sípò mọ́ láyé onítọ̀hún.

Rírù tí wọ́n béèrè náà ní tirẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ máa ń tàn dé eegun ẹ̀yìn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ń rò pé inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń gbé, máa ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn pẹ̀lú, ó ń jẹ eegun títí yóò fi wó, tí ẹ̀yìn yóò fi tẹ̀. Bí ibà àṣálẹ́, òógùn òru àti rírù bá bá ẹ̀yìn dídùn rìn, ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán la fi ń wádìí rẹ̀. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá, kò nílò ẹni tí yóò tì í. Oníṣègùn tó bá mọṣẹ́ yóò kọ lẹ́tà, yóò ní kí aláìsàn gbé e lọ bá dókítà, kò sì ní gba owó ìtọ́jú tí kò ṣe.

Ká gbà pé obìnrin wa kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó tó àkókò láti wo ẹ̀yìn fúnra rẹ̀.

Eegun 24 tó ṣeé mì ló tò léra nínú ọ̀pá ẹ̀yìn: 7 lọ́rùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Lábẹ́ wọn ni eegun ìdí tó ti lẹ̀ pọ̀ wà. Láàárín ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ohun pẹlẹbẹ kan tí n óò máa pè ní ìrọ̀rí eegun nínú ìwé yìí. Etí ìrọ̀rí náà le, ó sì fún. Inú rẹ̀ rọ̀, ó kún fún omi. Lẹ́yìn ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ni oríkèé kékeré kan wà níbi tí eegun òkè ti ń yọ́ gẹ̀rẹ̀ lórí eegun ìsàlẹ̀, tí omi oríkèé sì ń mú kó dán. Àwọn oríkèé wọ̀nyí ni ọwọ́ oníṣègùn ń wá.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Obìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ lórí tábìlì tó ní tìmùtìmù, ó na ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, ó ká orúnkún tòkè. Oníṣègùn fi ọwọ́ kan dá èjìká rẹ̀ dúró, ó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kejì lé ẹ̀gbẹ́ eegun tó fẹ́. Ó yí ìbàdí rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ara náà kò fi fẹ́ yí mọ́. Ó ní kó mí síta. Bí èémí ti ń jáde, ọwọ́ náà tì í lẹ́ẹ̀kan, kíá, kò sì jìnnà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ó dún "kọ̀".

Eegun méjì kọ́ ló gbá ara wọn. Ẹ wo ìgò mínírà tí a kò tíì ṣí: gáàsì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yòrò sínú omi, ojú kò rí i. Bí a bá ṣí ìdérí, ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dẹ̀, gáàsì yọ. Omi oríkèé náà ní gáàsì tó yòrò sínú rẹ̀. Nígbà tí ojú oríkèé méjèèjì bá dédé fà kúrò lára wọn, àyè inú rẹ̀ fẹ̀ lójijì, agbára tó tẹ omi náà mọ́lẹ̀ dínkù, gáàsì sì kóra jọ di ihò kan. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà gbé ìka ọwọ́ ènìyàn sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n fà á, wọ́n sì rí i pé ìgbà tí ihò náà ń yọ ni ìró náà ń jáde. Ó tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí gáàsì náà tó yòrò padà, ìdí nìyẹn tí ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún kì í tètè dún lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ìró kọ́ ló ń wo ẹ̀yìn sàn. Ẹ̀yìn lè dún kó má dẹ̀, ó sì lè dẹ̀ láìdún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí eegun kan tí wọ́n dá padà sáyè rẹ̀. Bí eegun ẹ̀yìn bá yẹ̀ pátápátá, ilé ìwòsàn ló yẹ kí onítọ̀hún wà. Kí ló wá ń mú kí ara fúyẹ́? Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé ohun kan lọ́dún 1965 tó ṣì wúlò. Nínú okùn iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn, ìròyìn ìrora àti ìròyìn ìfọwọ́kàn ń gba ibì kan náà kọjá lọ sí ọpọlọ, bíi pé ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀. Ìròyìn ìfọwọ́kàn tó pọ̀ lè mú kí ilẹ̀kùn náà sé mọ́ ìrora díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó fẹsẹ̀ kọ fi máa ń fi ọwọ́ ra ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ. Títì òjijì náà ń rán ìròyìn rẹpẹtẹ láti inú oríkèé àti ẹran ẹ̀yìn. Ẹran tó ti sé gírí lè jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ẹni náà yóò lè tẹ̀ síwájú ju bó ṣe dé lọ. Ṣùgbọ́n ìtura yẹn kì í pẹ́ bí kò bá sí ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, ibí yìí sì ni oorun ti wọlé.

Ìrọ̀rí eegun àgbàlagbà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi tó ń wọlé tó ń jáde ló ń gbé oúnjẹ fún un. Lójúmọ́, bí a ti ń dúró, tí a ń jókòó, tí a ń gbé ẹrù, omi ń fún jáde nínú rẹ̀. Lóru, tí a bá dùbúlẹ̀, ó ń mu omi padà. Gbogbo wa la fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì ga ní àárọ̀ ju alẹ́ lọ nítorí èyí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ìrọ̀rí náà kún, ó le, títẹ̀ ba sì ń ni ín lára ju ti ọ̀sán lọ. Ẹni tó bá jí ní ìrọ̀lẹ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígbé arúgbó láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fẹ́ ẹrù ló ń di ẹrù lé e.

Oorun tún kan ọpọlọ. Ìrora kì í ṣe ohun tí ẹ̀yìn dá ṣe kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yìn ń ròyìn, ọpọlọ ló ń pinnu bí ìròyìn náà ṣe léwu tó, ìpinnu yẹn ni a ń mọ̀ sí ìrora. Àìsùn dáadáa ń mú kí ọpọlọ tètè pariwo. Èyí hàn nínú ìwádìí léraléra, àní lára àwọn tí ara wọn le. Ìbẹ̀rù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbànújẹ́ àti ìdánìkanwà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. George Engel, dókítà ní Rochester ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ lọ́dún 1977 pé ìṣègùn tó bá wo ẹran ara nìkan, tí kò wo ọkàn aláìsàn àti àwọn tó yí i ká, ti fi apá kan àìsàn sílẹ̀. Gordon Waddell, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Scotland, gbé ọ̀rọ̀ náà wá sórí ẹ̀yìn dídùn lọ́dún 1987. Ìdí rèé tí wọ́n fi béèrè ẹni tí obìnrin wa jọ ń gbé. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tó ń pe wọn lórí fóònù ní ọ̀sán tó yẹ kó fi sùn, tó sì ń gba iṣẹ́ kún iṣẹ́ kí owó iléèwé lè pé. Kò sí ọwọ́ tó lè ti ìyẹn kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣègùn tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa rò pé ìtọ́jú òun ni kò tó.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, pé kí ló rò pé ó ń ṣe ẹ̀yìn òun, ni mo fẹ́ràn jù. Ó ṣeé ṣe kó sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ló fà á, ó sì ti ń mu àgbo láti oṣù kan. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, tó sọ fún un pé ìrọ̀rí rẹ̀ ti wú síta, tí kò tún fẹ́ gbé nǹkan kan nílẹ̀ mọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 kó àwòrán ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tó lé ní 3,000 jọ, àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Lára àwọn ẹni 20 ọdún, ìrọ̀rí ti wú síta nínú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Lára àwọn ẹni 80 ọdún, ó tó 84. Ohun tó ń bá ọjọ́ orí rìn bí ewú ni. Ẹni tó bá mọ èyí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì padà lágbára. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò dùbúlẹ̀, ìdùbúlẹ̀ náà yóò sì mú ẹ̀yìn rẹ̀ rọ sí i.

Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn kéré nínú ohun tí obìnrin wa gbà lọ sílé. Oníṣègùn kọ́ ọ ní eré ìdárayá mélòó kan, ó ní kó máa rìn lójoojúmọ́. Ó ní kó fa kọ́tìnì tó dúdú sí ojú fèrèsé kó lè sùn lọ́sàn-án, kó má sì tẹ̀ ba púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́ tó bá jí. Ó ní kó béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé arúgbó dìde níbi iṣẹ́, nítorí ẹ̀yìn ènìyàn kan kò yẹ kó jẹ́ kéréènì. Èyí bá ohun tí WHO kọ lóṣù Kejìlá 2023 mu: fún àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́, wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́, eré ìdárayá, títi ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́wọ́ oníṣègùn, àti ìtọ́jú ọkàn, wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀yìn tàbí fífà ẹ̀yìn gùn. Ìrànlọ́wọ́ títì náà mọ níwọ̀n, kò ju ti àwọn ìtọ́jú yòókù lọ, bó ṣe rí lójú ìwádìí nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun yóò fi ọ̀pá ẹ̀yìn wo ikọ́ fée ọmọ. Nígbà tí òǹkọ̀wé Simon Singh sọ lọ́dún 2008 nínú ìwé ìròyìn Guardian pé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rí, ẹgbẹ́ àwọn chiropractor ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè é lẹ́jọ́. Lọ́dún 2010 wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ẹ tún ṣọ́ra lórí ọrùn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì gba inú eegun ọrùn lọ sí ọpọlọ, ó sì ti ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀, pé lẹ́yìn tí wọ́n yí ọrùn, ara ọ̀kan ya nínú, rọpárọsẹ̀ sì tẹ̀lé e. Bí ọrùn àti orí bá dédé ń dùn yín lọ́nà tí kò ṣe rí, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i.

Ní Nàìjíríà, àjọ Medical Rehabilitation Therapists Board tí òfin 1988 dá sílẹ̀ ló ń fi orúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀, àti ti àwọn onífisioterápì tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa. Chiropractor kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Onífisioterápì tó kọ́ṣẹ́ yóò bi yín ní ìbéèrè kan náà, yóò sì lo ọwọ́ àti eré ìdárayá bákan náà. Ẹni yòówù kí ẹ lọ bá, ẹ bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgbà mélòó ló rò pé ẹ máa wá, àti ohun tí yóò fi mọ̀ pé ó ti ń dára. Bí ó bá ní kí ẹ san owó ọdún kan sílẹ̀ kí ẹ̀yìn má bàa yẹ̀ mọ́, ẹ dìde, ẹ wá ẹlòmíì.